Muhydeen Ń Kọ́ Ìdọ̀bálẹ̀

Ọmọ ìyá mi ni Muhydeen, ẹ̀yìn mi ló sì dàgbà sí, nítorí náà bí mo bá sọ pé ikùn rẹ̀ tóbi, kì í ṣe ẹnu burúkú. Télọ̀ ni, ẹnu ọ̀nà agbo ilé wa ní Ọjà'ba ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Láti àárọ̀ títí tí ilẹ̀ fi ń ṣú, ìdí maṣíìnì ló ń jókòó sí, kò sì sí ohun tó ń ṣiṣẹ́ lára rẹ̀ ju ọwọ́ àti ẹnu lọ. Ọwọ́ ń rán aṣọ, ẹnu ń jẹ ẹ̀pà. Nígbà tó fi máa lé ní ogójì ọdún, bí ó bá ń bọ̀ láti ìyànà, ikùn la kọ́kọ́ ń rí, a ó wá dúró de òun fúnra rẹ̀.

Kò níyàwó. Kì í ṣe pé kò dára, ojú ló ń tì í jù. Obìnrin á wá rán bùbá, á máa fi ọ̀rọ̀ dídùn bá a ṣeré, Muhydeen á kàn máa wọn èjìká rẹ̀ bíi káfíńtà tó ń wọn pákó. Gbogbo agbo ilé ti gbà fún Ọlọ́run. Èmi nìkan ni n kò gbà, nítorí n kì í tètè gba nǹkan fún ẹnikẹ́ni.

Àfi bí Mutmainnah ṣe wá rán aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Nọ́ọ̀sì ni, ẹnu rẹ̀ mú, kò sì ní àkókò tó máa fi ṣòfò. Nígbà tó rí i pé Muhydeen ò ní sọ̀rọ̀ láéláé, òun ló sọ fún un pé òun á fẹ́ ẹ, kó lọ rí bàbá òun. Inú mi dùn débi pé mo gé owó ìkòkò fún gbogbo ẹni tó wá ṣọ́ọ̀bù mi ní Bẹẹrẹ lọ́jọ́ náà. Ẹni tó bá ti ra ìkòkò lọ́wọ́ èmi Qúdrát rí mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn.

Bàbá Mutmainnah wá ni wàhálà. Alhaji Abdulmajeed ni, ó ń ta páànù ní Bẹ́yẹrúnká, kò sì sí ẹni tí kò mọ̀ pé ohun tó fẹ́ràn jù láyé lẹ́yìn ọmọ rẹ̀ ni ìdọ̀bálẹ̀. Ó ní ayé ti bàjẹ́, pé àwọn ọmọ ìwòyí ń fi ìka kan ilẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ mú abẹ́rẹ́ tó jábọ́, wọ́n á ní àwọn ti kí àgbà. Ẹni tó kọ́kọ́ wá fẹ́ ẹ̀gbọ́n Mutmainnah bẹ̀rẹ̀ ìlàjì, ó fi ọwọ́ ọ̀tún kan ilẹ̀. Alhaji ní kó máa bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ sílé wọn. Onítọ̀hún lọ lóòótọ́, ó sì ti fẹ́ ẹlòmíràn ní Ìwó.

Lọ́jọ́ tí Muhydeen máa kọ́kọ́ lọ kí i, mo bá a lọ. Mo kìlọ̀ fún un lọ́nà pé àyà ni kó fi kanlẹ̀, kì í ṣe ìka, kì í ṣe orúnkún. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀. A wọ pálọ̀, Alhaji wà lórí àga, Muhydeen sì lọ sílẹ̀. Ikùn ló kọ́kọ́ débẹ̀. Àyà ò dé. Ẹsẹ̀ gbéra lẹ́yìn, orí gbéra níwájú, ọmọ ìyá mi wá ń mì lọ mì bọ̀ lórí ikùn ara rẹ̀ láàárín pálọ̀ ẹni ẹlẹ́ni. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo àjà bí ẹni tó fẹ́ ra ilé náà.

Alhaji ní ó tó, kó dìde. Kò lè dìde. Ó yí sọ́tùn-ún, kò rí i ṣe, ó yí sósì, kò rí i ṣe, ó ń kí Alhaji lọ láti ilẹ̀ kí wọ́n má bàa rò pé ó ti kú, títí tí àwọn àbúrò Mutmainnah ọkùnrin fi gbé e lápá gbé e lápá bí àpò ìrẹsì.

Alhaji ò rẹ́rìn-ín. Ojú rẹ̀ tiẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì, mo rò pé ìbínú ni. "Lẹ́yìn Iléyá la máa ṣe mọ̀mí-n-mọ̀ ọ́," ó ní. "Lọ́jọ́ náà, níwájú gbogbo ẹbí mi, mo fẹ́ rí àyà rẹ nílẹ̀, mo sì fẹ́ kí o dìde fúnra rẹ, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn ọ́. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ má wulẹ̀ sọ ẹrù tí ẹ bá rù wá."

Èmi àti Muhydeen padà sílé. Ìgbà tó jókòó sídìí maṣíìnì rẹ̀ ló tó sọ ọ́. "Àǹtí mi, bí Mutmainnah bá bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, n ò ní wá ẹlòmíràn mọ́." Mo mọ̀ pé òótọ́ ló ń sọ, nítorí kò tíì wá ẹnikẹ́ni rí. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, mo bá gba ẹ̀pà ọwọ́ rẹ̀, mo jẹ ẹ́ tán.

Jíìmù kan wà nísàlẹ̀ òkè Mápó, ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Daniel ló ni ín. Apá Daniel nípọn ju itan mi lọ, èmi tí mo sì ní itan. Muhydeen gba ibẹ̀ lọ. Ọmọlúàbí ni Daniel, ó mú àga fún un, ó bi í léèrè ohun tó fẹ́ kí ara rẹ̀ lè ṣe. Ó ṣàlàyé pé ẹni tó fẹ́ kí ikùn òun fà, ẹni tó fẹ́ gbé ẹrù wúwo, ẹni tó fẹ́ sáré tí kò ní máa mí hẹlẹhẹlẹ, iṣẹ́ wọn ò dọ́gba, pé bí oògùn ìbà ṣe yàtọ̀ sí oògùn ikọ́ ló rí. Muhydeen wo àwọn géńdé tó bọ́ra sílẹ̀ níbẹ̀, tí wọ́n ń wo ara wọn nínú dígí. Báwo ló ṣe máa sọ lójú wọn pé ìdọ̀bálẹ̀ lòun fẹ́ kọ́? Ó ní òun kàn fẹ́ lágbára ni.

Bẹ́ẹ̀ ni Daniel ṣe kó irin lé e lọ́wọ́. Muhydeen gbé irin òkè, ó gbé ti ilẹ̀, ó dùbúlẹ̀ gbé e, ó dúró gbé e. Apá rẹ̀ wá le gbagidi. Kò lè ká a mọ́. Bí orí bá ń yún un, ẹlòmíràn ló ń bá a họ ọ́. Èmi ni mò ń dé fìlà fún un láàárọ̀, fífi òwú sójú abẹ́rẹ́ sì di iṣẹ́ tó ń rán ọmọ aráalé. Agbádá tó rán lọ́sẹ̀ náà, ọrùn rẹ̀ wà níbi tó yẹ kí abíyá wà. Oníbàárà náà gbé e wọ̀, ó bojú wo òkè, ó ní ṣé àrà tuntun ni. Muhydeen ní bẹ́ẹ̀ ni.

Nígbà tó wá gbìyànjú ìdọ̀bálẹ̀ nínú yàrá mi, apá líle náà kọ̀, kò jẹ́ kí àyà sọ̀kalẹ̀. Ó dúró gbagbaagba sórí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ bíi tábìlì, ikùn rẹ̀ sì so rọ̀ láàárín. Mo ní kó dúró bẹ́ẹ̀, kí n lọ gbé àwo oúnjẹ wá.

Ó fi irin sílẹ̀, ó ní eré sísá ló kù. Àwọn kan máa ń sáré láàárọ̀ Sátidé láti Mápó sọ̀kalẹ̀ wá sí Ọjà'ba, wọ́n á gba ibẹ̀ lọ sí Bẹẹrẹ, wọ́n á tún padà. Muhydeen ra ṣòkòtò péńpé, ó bá wọn lọ. Ohun tí kò rò ni pé télọ̀ lòun, Sátidé sì ni. Télọ̀ wo ni kò ní aṣọ ẹlẹ́ni nílẹ̀? Àárọ̀ Sátidé ni gbogbo ayé ń wá aṣọ tí wọ́n fẹ́ wọ̀ lọ sóde lọ́sàn-án. Obìnrin kan tó ti jókòó sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láti ìdájí gbójú sókè, ó rí Muhydeen tó ń sáré kọjá láìwẹ̀yìn. Kí lẹ fẹ́ kó rò? Ó dìde, ó gbá yẹ̀rì mú, ó gbá tẹ̀lé e. Ẹlòmíràn rí i, ó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, wọ́n ní télọ̀ ń sá lọ, aṣọ tirẹ̀ náà sì wà lọ́wọ́ télọ̀ ọ̀hún. Kí wọ́n tó dé Bẹẹrẹ, àwọn tó ń lé Muhydeen ti pọ̀ ju àwọn tó ń bá a sáré lọ.

Ṣọ́ọ̀bù mi ló sá sí, ó lọ lúgọ sáàárín àwọn ìkòkò. N ò purọ́, ó sáré dáadáa lọ́jọ́ náà, àwọn tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ ò rí ẹ̀yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ikùn rẹ̀ ló yọ síta láàárín ìkòkò méjì, àwọn obìnrin náà sì mọ̀ ọ́n ju ojú rẹ̀ lọ. Èmi ni mo bẹ̀ wọ́n. Àwọn eléré ìje sì ránṣẹ́ pé kó má bínú, kó má bá àwọn sáré mọ́, nítorí ẹ̀rù ti ń ba àwọn aráalé wọn.

Kí n má fa ọ̀rọ̀ gùn, ó tún gbìyànjú ti obìnrin kan nínú fóònù tó ń ká ara rẹ̀ bí ẹní. Muhydeen ká ara rẹ̀ dé ibì kan, kò rántí bó ṣe wọ ibẹ̀, fóònù sì ti kú. Ìyàwó ilé wa ló rí i nígbà tó fẹ́ wá gba ìgbálẹ̀.

Ìgbà yẹn ni inú bí mi. Iléyá ń sún mọ́lé, ọkùnrin yìí ń ti orí irin bọ́ sórí títì, ó ń ti orí títì bọ́ sínú fóònù, ọkàn rẹ̀ sì ń bàjẹ́ lójoojúmọ́. Mo jókòó tì í, mo bi í pé kí gan-an ló fẹ́ ṣe. Ó ní kóun dọ̀bálẹ̀ ni, kóun sì dìde. Mo ní ṣé ẹni tó fẹ́ kọ́ odò wíwẹ̀ ń gun ọ̀pẹ ni? Mo fà á lọ́wọ́ lọ sọ́dọ̀ Daniel, mo sì sọ ọ́ síta níwájú gbogbo àwọn tó ń wo ara wọn nínú dígí.

Daniel ò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Inú tiẹ̀ bí i díẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ìbéèrè tí mo bi yín lọ́jọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn. Bí ẹ bá ti sọ ọ́, à bá má ti fọwọ́ kan irin." Ó ní ìdọ̀bálẹ̀ fúnra rẹ̀ ni ẹ́sásáìsì náà, pé kò sí ibi tí kò ti ń ṣiṣẹ́ lára, pé òun gan-an ń fi irú rẹ̀ dá àwọn géńdé lágara. Ó wá fi hàn án: bẹ̀rẹ̀, fọwọ́ lélẹ̀, na ẹsẹ̀ sẹ́yìn, jẹ́ kí àyà sọ̀kalẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Tó o bá fẹ́ dìde, fọwọ́ méjèèjì tilẹ̀, fa orúnkún ọ̀tún bọ̀ sábẹ́ rẹ, mí jáde, kó o tó gbéra. Ó ní kó máa ṣe é láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kó sì sọ ẹ̀pà kalẹ̀.

Ó ku ohun kan. Muhydeen ò lè dọ̀bálẹ̀ nínú yàrá. Ó bẹ̀rẹ̀ dé ìlàjì, ó dìde, ó ní ara òun ò gbà á. Bàbá wa ló tọ́ ọ bẹ́ẹ̀: àgbà là ń dọ̀bálẹ̀ fún. Ó ní òun ò lè máa dọ̀bálẹ̀ fún kọ́bọ́ọ̀dù. Mo ní kó máa dọ̀bálẹ̀ fún èmi, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mo jẹ́. Ó ṣe é, àmọ́ ẹ̀rín ń pa mí, òun náà rẹ́rìn-ín, ó sì dùbúlẹ̀ síbẹ̀ títí ẹ̀rín fi tán. Ìyẹn kì í ṣe ẹ́sásáìsì.

Ó ronú sí i mọ́jú. Ìgbà tílẹ̀ mọ́, ó ti rí ọ̀nà. Àgbà wo ló wọ́n ní Ọjà'ba? Bí ó ṣe jáde báyìí, ó rí Bàbá Basit tó ń fá irùngbọ̀n lójúde wọn, ó sì lọ sílẹ̀ gbọọrọ níwájú rẹ̀. Bàbá náà fẹ́rẹ̀ẹ́ fi abẹ kan ara rẹ̀ lẹ́rẹ̀kẹ́. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti kí i bẹ́ẹ̀. Inú rẹ̀ dùn, ó bẹ̀rẹ̀ àdúrà.

Ẹ sì mọ àdúrà àwọn bàbá wa. Ọmọ kì í dìde nígbà tí àgbà bá ń súre lọ́wọ́, àwọn àgbà Ọjà'ba ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é kó kúrú. Wọ́n á gbàdúrà fún ọ, wọ́n á gbàdúrà fún ọmọ tí o ò tíì bí, wọ́n á ti ọ̀tá mọ́lé, wọ́n á wá rántí àlá kan tí wọ́n lá. Gbogbo rẹ̀ ni Muhydeen ń fi àyà gbọ́ nílẹ̀. Lọ́jọ́ kan oorun gbé e lọ lábẹ́ àdúrà Bàbá Basit. Ó ń hanrun, bàbá náà rò pé àmín ló ń ṣe.

Bí ó ti ń rìn láti Ọjà'ba lọ sí Bẹẹrẹ láti wá gbé oúnjẹ lọ́dọ̀ mi nìyẹn, ó ń lọ sílẹ̀, ó ń dìde, àgbà lọ́tùn-ún, àgbà lósì. Àáfà Sàídì, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú ládùúgbò wa, pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní Ọlọ́run nìkan ló ni ìforíkanlẹ̀. Muhydeen fi ẹ̀kọ́ dá a lóhùn pé òun ò forí kanlẹ̀, ikùn ni, àti pé ẹ́sásáìsì ni. Àáfà ronú sí i títí, kò rí i nínú ìwé. Ikùn náà sì ń lọ. Èmi fúnra mi ni mo dín ìbàdí ṣòkòtò rẹ̀ kù. Lọ́jọ́ tí àyà rẹ̀ kọ́kọ́ kan ilẹ̀, tó sì dìde láìdi ohunkóhun mú, ó wá sọ fún mi ní ṣọ́ọ̀bù, ojú rẹ̀ kún fún omi. Mo ní kó má da omi sórí ọjà mi, ṣùgbọ́n èmi náà ń nu ojú.

A ò mọ̀ pé ẹnu ti ń kùn wá. Ẹ gbà mí, bí ẹnì kan bá ń kúnlẹ̀, tó ń dọ̀bálẹ̀ láàárọ̀ lálẹ́ láti ìta kan dé ìkejì, kí là ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀? Ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ ni. Ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ sì ti ṣẹ̀. Àwọn kan ní Muhydeen ti fi áyọ́ọ̀nù jó aṣọ olóyè. Àwọn kan ní ó ti jẹ owó mọ́ṣáláṣí. Obìnrin kan tó wá ra ìkòkò lọ́wọ́ mi, tí kò mọ̀ pé ọmọ ìyá mi ni, sọ fún mi kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé télọ̀ kan ní Ọjà'ba ti ní ìyàwó àti ọmọ ní ìkọ̀kọ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì ta ìkòkò tó ń jò fún un.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwọn bàbá tí Muhydeen ń dọ̀bálẹ̀ fún bá pàdé, wọ́n ní ọmọ yìí ti ń wólẹ̀ lẹ́sẹ̀ àwọn, ojú ló ń tì í tí kò fi lè sọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ jáde, kò sì yẹ káwọn dúró dìgbà tó bá sọ. Ta ló lè ṣẹ̀ tó máa kó o láyà sókè tó báyìí? Wọ́n ronú, wọ́n ní bàbá ìyàwó rẹ̀ ni. Lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, wọ́n dìde lọ sí Bẹ́yẹrúnká láti bá a bẹ Alhaji. Bàbá Ọlábọ̀wálé ló ṣáájú wọn, ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ ìjọ Áńgílíkà, tó kọ́ Alhaji fúnra rẹ̀ ní ábídí.

Wọ́n ní kí Alhaji dákun, kó foríjì Muhydeen. Alhaji ní kí ló ṣe? Wọ́n ní àwọn ò mọ̀. "Àmọ́ kò lè kéré, Abdulmajeed," Bàbá Ọlábọ̀wálé ní, "nítorí ọjọ́ ti pẹ́ tó ti wà nílẹ̀."

Ẹ̀yin náà ẹ rò ó. Mutmainnah ló pè mí lórí fóònù, ó ń sunkún. Ó ní bàbá òun ti ní kò sí mọ̀mí-n-mọ̀ ọ́ mọ́ àfi bí òun bá gbọ́ ohun tí Muhydeen ṣe láti ẹnu rẹ̀, lónìí yìí. "Àǹtí Qúdrát, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé ó ti níyàwó ni?" Mo ti ṣọ́ọ̀bù láìkó ìkòkò wọlé. Mo gba Ọjà'ba lọ, mo fa Muhydeen tòun ti okùn ìwọnṣọ lọ́rùn, ó di ẹ̀yìn ọ̀kadà.

Gbogbo wọn wà ní pálọ̀ nígbà tá a dé. Mutmainnah dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá pẹ̀lú ojú wíwú. Muhydeen fẹ́ lọ sílẹ̀ láti kí wọn, Alhaji ní kó má ṣe é, kó dúró bẹ́ẹ̀ kó fọhùn. Òógùn bo ọmọ ìyá mi. Mo mọ ìtìjú rẹ̀, mo mọ̀ pé bí ilé bá ń jó, ó lè má lè sọ fún àlejò pé kó dìde. Mo la ẹnu láti bá a sọ ọ́, Alhaji ní kì í ṣe èmi lòun bi.  Mutmainnah ń wo Muhydeen, ó ń retí, ó sì ń bẹ̀rù, mo sì rí i pé bí Muhydeen bá gbé ọ̀rọ̀ yìí mì bó ṣe gbé e mì níwájú Daniel, ó parí nìyẹn.

"N ò ṣẹ ẹnikẹ́ni, sà," ó ní.  "Ìdọ̀bálẹ̀ ni mò ń kọ́. Ikùn mi ò jẹ́ kí n lè ṣe é fún yín. Mo wá ń fi àwọn bàbá yìí ṣe ẹ́sásáìsì kí n má bàa pàdánù Mutmainnah."

 Bàbá Basit ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní ṣé gbogbo àdúrà tóun gbà títí ọ̀fun òun fi gbẹ, ẹ́sásáìsì lòun ń bá a ṣe? Muhydeen ní kí bàbá má bínú, tọkàntọkàn lòun fi ń ṣe àmín, yàtọ̀ sí ọjọ́ kan. Mutmainnah bọ́ sínú yàrá, a sì ń gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ láti ibẹ̀.

Alhaji ní kó ṣe é kóun rí i. Muhydeen lọ sílẹ̀, àyà kanlẹ̀ pẹ́ẹ́, àgbọ̀n kanlẹ̀, ó dìde, kò gbára lé nǹkan kan. Àwọn bàbá pàtẹ́wọ́. Àfi bí ẹni pé àwọn ló bí i, pé ọwọ́ wọn ló dàgbà sí. Ṣùgbọ́n Alhaji kì í ṣe ẹni tó ń tètè gbà. Ó ní ó yá jù, pé ó dà bí ẹni tó ṣubú, pé ìdọ̀bálẹ̀ àwọn àtijọ́ ní ètò.

"Òótọ́ lo sọ," Bàbá Ọlábọ̀wálé ní. "Fi hàn án, Abdulmajeed. Èmi tíṣà rẹ rèé lórí ìjókòó. Ó ti pẹ́ tó o ti ń bọ̀ mí lọ́wọ́ bíi dókítà."

Gbogbo ojú yí sí Alhaji. Ó wò wá, ó wo ilẹ̀. Ó ká agbádá rẹ̀ lé èjìká, ó kúnlẹ̀ orúnkún kan, ó kúnlẹ̀ ìkejì, nǹkan kan dún kàà, ó sì nà gbalaja. Ká sòótọ́, ó dára. N ò rí irú rẹ̀ rí. Bàbá Ọlábọ̀wálé súre fún un, ó ní kó dìde.

Kò dìde. Àwọn ọmọ rẹ̀ sáré síwájú, ó ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan òun. Muhydeen wá rí i pé òun ló wà lórí ìró níwájú bàbá ìyàwó òun tó wà nílẹ̀, èèwọ̀ sì ni. Kíá ló tún dọ̀bálẹ̀, orí rẹ̀ kọjú sí ti Alhaji. Èmi náà kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, nítorí kò sí ohun mìíràn tí obìnrin lè ṣe níbẹ̀, ìyẹn ni mo ṣe gbọ́ ohun tí àwọn tó jókòó ò gbọ́.

"Báwo lo ṣe ń dìde?" Alhaji béèrè lọ́wọ́ kápẹ́ẹ̀tì.

Muhydeen sọ fún un jẹ́jẹ́ pé kó má yára, kó fọwọ́ tilẹ̀, kó fa orúnkún ọ̀tún bọ̀ sábẹ́. Wọ́n jọ gbìyànjú rẹ̀. Alhaji padà sílẹ̀, Muhydeen náà padà sílẹ̀. Wọ́n sinmi.

"Orí àga ni mò ń ti kírun," Alhaji ní. "Mo sọ fún wọn ní mọ́ṣáláṣí pé orúnkún ni. Ìyá Mutmainnah ló máa ń fọwọ́ gbé mi nígbà tí mo bá forí kanlẹ̀ nílé. Láti ìgbà tó ti kú, mi ò lọ sílẹ̀ mọ́. Ọjọ́ tí mo rí ọ tí o ń yí kiri lórí kápẹ́ẹ̀tì yìí, ara mi ni mo rí."

Gbogbo èébú tí mo ti kó jọ fún bàbá yìí láti ìgbà náà tú dànù nínú mi.  "Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe, Bàbá," Muhydeen ní. Kò pè é ní Alhaji. Wọ́n fọwọ́ tilẹ̀, wọ́n fa orúnkún, wọ́n mí jáde, wọ́n sì dìde, òógùn ń bọ́ lójú àwọn méjèèjì.

Alhaji tún fìlà rẹ̀ dé. Ó ní mọ̀mí-n-mọ̀ ọ́ wà ní ọjọ́ tá a dá, kò yẹ̀. Ó ní ìdọ̀bálẹ̀ Muhydeen ṣì kù díẹ̀ káàtó, nítorí náà kó máa wá láràárọ̀ lẹ́yìn Àsúbà kí òun máa kọ́ ọ. Kò sẹ́ni tó jiyàn. Mutmainnah bi mí lẹ́yìnwá ohun tí wọ́n ń bára wọn sọ nílẹ̀, mo ní ọ̀rọ̀ ọkùnrin ni.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú Iléyá, Alhaji ò yà síbi tí wọ́n to àga sí lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí. Ó lọ dúró sínú sàfù, ìlà àwọn tó ń dúró kírun, Muhydeen sì dúró tì í. Àáfà Sàídì tó wà lẹ́yìn wọn ló sọ fún mi. Ó ní nígbà tí wọ́n forí kanlẹ̀, tí gbogbo sàfù ti dìde tán, Alhaji ṣì wà nílẹ̀ tó ń wá orúnkún rẹ̀. Ó ní Muhydeen náà ò tíì dìde.